Ọ̀kẹ́ Kì í Ṣe Àìmọye

Bí èrò bá pọ̀ níbi ìnáwó, ohun tí a máa ń wí ni pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó péjọ. Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀kẹ́ kò ní iye. Ó ní iye. Ọ̀kẹ́ kan ni 20,000.

Àpò tí à ń kó owó ẹyọ sí ni ó ń jẹ́ ọ̀kẹ́. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá, tí a tún ń pè ní ẹgbàawàá, ni ó kún ọ̀kẹ́ kan. Adolphus Mann, ajíhìnrere C.M.S. tí ó gbé Ìjàyè rí, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887 bí a ti ń ka owó tí a kò sín. Òǹkawó á da ẹyọ sílẹ̀, á máa fi ọwọ́ kó o ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá kó o nígbà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì tí a gbá pọ̀ di òkìtì kan, òkìtì náà ni igba.

A máa ń kọ́ni pé ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà Yorùbá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ogún lọ́nà ogún ni à ń gùn lọ, 400, 8,000 àti 160,000 ni ìbá jẹ́ òpó òǹkà wa. Irinwó ní orúkọ tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbàá mẹ́rin lásán ni 8,000, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ sì ni 160,000. Ẹ wá wo ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Lójú tèmi, ọjà ni ó ṣe èyí, kì í ṣe ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ nìkan.

Ọ̀nà Ìbàdàn tí ó gba Òru, nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Títí di ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń ṣọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí ọjà etí òkun àti ti òkè ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Orí ni a fi ń ru owó. Ọ̀kẹ́ kan ẹyọ kéékèèké tí ó ti erékùṣù Maldives wá a máa wọ̀n ju ogún kílógíráàmù lọ, ẹrù alárù kan. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà ń pe ohun tí a ń pè ní mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, wọ́n lè fojú inú rí àádọ́ta alárù tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mílíọ̀nù tí a yá lò kò ru nǹkan kan.

Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbàawàá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀kẹ́ kan tí ó dín ẹgbẹ̀rún, 19,000.