Hurricane Kò Ní Àga Tíṣà

 

Iyàn jíjà ló bí àròkọ yìí. Níbi ìpàdé wa tó kọjá ní Adó-Èkìtì, nígbà tí a jẹ iyán tán (ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìpàdé Èkìtì tí kò sí iyán, ìpàdé kọ́ nìyẹn), ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa yọ fóònù, ó ní ká wá wo ọmọ òun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wa Hurricane, bàálù ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ja ogun Hítílà. Ó gbéra nílẹ̀, ó pòòyì lókè, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹ bá mi rí ojúlówó rẹ̀ lónìí, ọmọ mi á gbé e fò." Ariwo sọ. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní àwàdà ni. Ni wọ́n bá yíjú sí mi pé ṣebí akọ̀ròyìn ni mí, kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ wá. Mo ti lọ, mo ti dé.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní nǹkan bí ọdún 2005, àwa kan máa ń yọ́ jáde lásìkò ìkàwé alẹ́ lọ sí káfé kan ní Ìjìgbò. A ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó máa fi kọ̀ǹpútà fò. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ foríjì wá, ó ti pẹ́. Ohun tí n kò gbàgbé ni ọjọ́ tí NEPA mú iná nígbà tí mo wà lókè. Bàálù, òkè, ìlú, gbogbo rẹ̀ parẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A rẹ́rìn-ín, a bá oníkáfé jà nítorí pé kò dá owó wa padà, a sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ má pe nǹkan náà ní eré ọmọdé lásán. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù àti pìánò ní Binghamton, ló ṣe irú rẹ̀ tó lókìkí ní 1929. Ó mú ẹwìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ó gbé àpótí kékeré tó ní ìyẹ́ lé e lórí, ó wá ń mì, ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bíi bàálù gidi. Ibi ìgbafẹ́ ló kọ́kọ́ rí tà á sí. Ju owó wẹ́wẹ́ sí i, kí o fò! Ẹ ò rí i pé káfé Ìjìgbò kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 1934 ni ojú là. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn ológun òfuurufú máa gbé lẹ́tà káàkiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú òtútù àti kùrukùru, èèyàn tó lé ní mẹ́wàá nínú wọn kú. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé omi inú etí, tó máa ń sọ fún wa pé a dúró tàbí a tẹ̀, a máa purọ́ nígbà tí ojú kò bá rí ilẹ̀. Ọkọ̀ á máa yí lọ sísàlẹ̀, ara á ní ó dúró gbagidi. Àpótí Link ń kọ́ èèyàn láti gba aago iwájú rẹ̀ gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Wọn á pa ìdérí dé akẹ́kọ̀ọ́ mọ́nú òkùnkùn, tíṣà á jókòó sídìí tábìlì, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní akàn á sì máa fi tádàwà fa ìlà ibi tí ọmọ náà ń gbà lọ sórí ìwé. Ológun ra mẹ́fà lọ́dún náà. Kí ogun Hítílà tó parí, ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù awakọ̀ tó gba inú àpótí yẹn kọjá.

Ti kọ̀ǹpútà kò pẹ́ sọ. Bruce Artwick ṣe ti Apple II ní 1979, ti Microsoft jáde ní 1982, nígbà tó sì di 1998 wọ́n gbé ti bàálù ogun jáde, Hurricane wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bàbá ọmọ yẹn kò jẹ̀bi tán.

Ó wá ku Hurricane fúnra rẹ̀. Ní 1935 ló kọ́kọ́ fò, wọ́n sì ṣe èyí tó lé ní 14,000. Ẹ́ńjìnnì Merlin rẹ̀ ní agbára ẹṣin tó lé ní 1,000, ṣùgbọ́n igi àti aṣọ ni wọ́n fi bo ìdí rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ ná, pàápàá ẹ̀yin tíṣà wa. Kò sí àyè fún olùkọ́. Wọn á fi aṣọ di akẹ́kọ̀ọ́ lójú nílẹ̀ kí ó fọwọ́ wá gbogbo lẹ́fà títí yóò fi mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé Hurricane kúrò nílẹ̀, òun nìkan ni.

Bó bá ti tẹná, imú ọkọ̀ á máa fà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò fi gbà á padà. Lẹ́fà tí wọ́n fi ń ká táyà wọlé wà lápá ọ̀tún, nítorí náà yóò fi ọwọ́ òsì gba ọ̀pá ìdarí, ní àsìkò tí ilẹ̀ ṣì wà nítòsí. Bó bá yí wìn-ìn, ara rẹ̀ á wúwo ní ìlọ́po márùn-ún: ẹni tó wọn kílò 60 á di 300. Ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lórí, ojú á di eérú, á wá dúdú. Bó bá sì ti imú mọ́lẹ̀ lójijì, epo kò ní dé ibi tó yẹ, ẹ́ńjìnnì á húkọ́ bí ẹni fẹ́ kú. Obìnrin ẹnjiníà kan, Beatrice Shilling, ló fi irin pẹlẹbẹ oníhò kan wá nǹkan ṣe sí i ní 1941. Kọ̀ǹpútà lè farawé ìkọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àyà èèyàn á já? Èmi rántí ìmúná NEPA, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní 1940, ojú òkun Mẹditaréníà kò ṣeé gbà mọ́. Wọ́n wá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó Hurricane wá sí Takoradi, ní Gánà òde òní, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kánò, Maiduguri, El Geneina àti Khartoum lọ sí Íjíbítì, nǹkan bí 3,700 máìlì. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án 1940 ni àwọn àkọ́kọ́ gbéra: Hurricane mẹ́fà tẹ̀lé bàálù Blenheim kan tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, bí òròmọdìyẹ tẹ̀lé ìyá. Kí ogun tó parí, bàálù tó gba ọ̀nà yẹn lé ní 5,000. Ẹni tó bá ti wá òkè Olóṣùnta tì láti inú Ìkéré lọ́jọ́ tí ọyẹ́ mú, kó fọkàn ro ó bí ọmọkùnrin kan bá wà lókè nínú eruku yẹn, tí kò rí ẹni tó ń tẹ̀lé mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ inú àpótí ti wúlò, ibẹ̀ náà ló sì ti tán.

Àwọn tiwa náà fò. RAF kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó di ọ̀gá nínú wọn, àfi nígbà tí wọ́n yí òfin náà padà ní 1939. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tí ìdílé kan náà pa pọ̀ mọ́ Stella Thomas tó di obìnrin adájọ́ májísíréètì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1943, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ nínú RAF. Ó di ọ̀gá ní 1942. Ní oṣù Kìíní 1945, bàálù já pẹ̀lú rẹ̀ ní Wales. Kì í ṣe ìbọn Jámánì ló pa á. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó yẹ ní kíkọ́ ló ti kọ́.

Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi àga kejì sí àwọn bàálù àtijọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lè jókòó sẹ́yìn awakọ̀ ní Duxford tàbí Biggin Hill fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ọmọ yẹn mọ ibi tí gbogbo lẹ́fà wà, ó sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn. Ó yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n kí n fà á lọ́wọ́ sínú Hurricane kí n sì ti ìlẹ̀kùn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó bínú díẹ̀, ó wá gbé fóònù fún ọmọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọmọ bi mí: "Ǹjẹ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n, sà?"

N kò rí èsì fún un. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bàbá àgbà tàbí ẹbí tó ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ Ìkejà, Kánò tàbí Takoradi láyé ogun, tó fi fọ́tò tàbí ìtàn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá sí àpéjọ. Ọmọ náà ń bọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ó ní òun á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání.