CVE-2019-15107
CVE-2019-15107 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ àlébù ààbò kan nínú Webmin, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣàkóso sáfà láti orí ayélujára. Àlébù náà jẹ́ kí àlejò tí kò ní ọ̀rọ̀ìpamọ́ lè pàṣẹ fún sáfà bí ẹni pé òun ló ni ín. Kì í ṣe àṣìṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ẹnìkan já wọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń to Webmin jọ fún ìpínkiri, ó sì ki kóòdù tirẹ̀ bọ inú fáìlì password_change.cgi. Ẹni tí ó bá yẹ kóòdù wò lórí GitHub kò lè rí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà náà ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n kó fáìlì láti inú ẹ̀dà tí wọ́n ti fi pamọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú náà sì bá wọn lọ. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni àṣírí tú ní àpéjọ DEF CON, ẹ̀dà 1.930 ló mú un kúrò.