Ìṣètò ipa-ọ̀nà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú orí kọ̀ǹpútà

Ìṣètò ipa-ọ̀nà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tí awakọ̀ máa ń ṣe kí ó tó gbéra nínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ìwakọ̀ bàálù. Nínú iṣẹ́ yìí ni ó ti ń yan pápákọ̀, irú ọkọ̀, ọ̀nà, gíga, ìwọ̀n epo àti pápákọ̀ àfirọ́pò, bí ilé-iṣẹ́ gidi yóò ti yàn wọ́n. Ète rẹ̀ ni kí ìrìnàjò náà jẹ́ èyí tó lè ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Bí epo bá tán nínú ètò àfarawé, kò sí ẹni tó máa fara pa, awakọ̀ sì lè tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò tí a ṣe ṣáájú ìgbéra fi ṣe pàtàkì: òun ni ó ń fi ààlà sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe, òun ni a sì fi ń mọ̀ bóyá ìpinnu rẹ̀ tọ́ tàbí kò tọ́.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1982 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft kọ́kọ́ gbé ètò Flight Simulator jáde. Àwọn ètò mìíràn bí X-Plane tẹ̀lé e. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gbilẹ̀, àwọn olùfẹ́ ìwakọ̀ bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú orí kọ̀ǹpútà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba èrò tàbí owó ọkọ̀. Ohun tí ó ní ni àkókò ìgbéra, nọ́ńbà ìrìnàjò, oyè tí a ń fi iye wákàtí gbà, àti ìròyìn tí awakọ̀ ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìbalẹ̀.

Ìkànnì IVAO bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, VATSIM sì tẹ̀lé e ní ọdún 2001. Lórí wọn, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ń ṣe iṣẹ́ adarí ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nínú ilé ìṣọ́ gidi ni wọ́n wà. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pín òfuurufú kan náà, ètò tí kò dára lè dí àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Yíyan ìrìnàjò àti ọkọ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ọkọ̀ bá ọ̀nà mu. Láti Pápákọ̀ Òfuurufú Murtala Muhammed ní Èkó sí Pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe ní Abùjá jẹ́ nǹkan bíi 510 kìlómítà, èyí tó bá ọkọ̀ bíi Boeing 737 mu. Láti Èkó sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù súnmọ́ 5,000 kìlómítà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Air Peace bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò náà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ ńlá Boeing 777 ni ó lò. Awakọ̀ orí kọ̀ǹpútà lè wo àkókò ìgbéra irú ìrìnàjò gidi bẹ́ẹ̀ kí ó sì tẹ̀lé e.

Nínú ìwé ètò, àmì lẹ́tà mẹ́rin tí àjọ ICAO fún pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń kọ: DNMM fún Èkó, DNAA fún Abùjá, EGKK fún Gatwick. UTC ni a fi ń kọ àkókò, kì í ṣe aago ìlú. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC ní gbogbo ọdún. Aago Lọ́ńdọ̀nù bá UTC dọ́gba nígbà òtútù, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ó máa ń fi wákàtí kan ṣáájú, tí yóò sì bá ti Èkó dọ́gba.

Ọ̀nà àti gíga

Ọkọ̀ gidi kì í sábà fò tààrà láti pápákọ̀ kan sí èkejì. Ó ń gba òpópónà òfuurufú tó so àwọn ibi tí a ti fún ní orúkọ pọ̀, ó sì ń lo ọ̀nà ìjáde àti ọ̀nà ìwọlé tí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ti là sílẹ̀. Ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan ni a ń tún àkójọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ṣe káàkiri àgbáyé. Bí ti awakọ̀ bá ti pẹ́ jù, ó lè béèrè fún ibi tí kò sí mọ́. Ètò bíi SimBrief lè bá a ṣírò ọ̀nà àti epo, ṣùgbọ́n awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò yẹ èsì náà wò.

Gíga náà ní òfin tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkọ̀ tó ń lọ sí apá ìlà-oòrùn ń lo gíga tí iye ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì lọ́gbọọgba, bíi 33,000. Ọkọ̀ tó ń lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn ń lo èyí tó ṣeé pín, bíi 34,000. Nítorí náà, gíga tí a lò láti Èkó lọ sí Abùjá kọ́ ni a ó fi padà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní àtúnṣe tiwọn sí òfin yìí.

Ìrìnàjò sí Lọ́ńdọ̀nù ń kọjá lórí Aginjù Sàhárà, níbi tí ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú adarí kì í fìgbà gbogbo já gaara. Ní ọ̀pọ̀ apá òfuurufú Áfíríkà, awakọ̀ gidi máa ń kéde ibi tó wà àti gíga rẹ̀ lórí ìkànnì rédíò 126.9 kí àwọn ọkọ̀ mìíràn lè gbọ́.

Epo

Orí epo ni ètò tòótọ́ àti eré lásán ti ń yàtọ̀ jù. Kì í ṣe epo tí yóò gbé ọkọ̀ dé ibi tó ń lọ nìkan ni a ń gbé. Àpẹẹrẹ ìṣirò fún Boeing 737-800 láti Èkó sí Abùjá lè rí báyìí:

– Epo ìrìnàjò: 2,400 kìlógíráàmù
– Epo àìròtẹ́lẹ̀, ìdá 5 nínú 100 epo ìrìnàjò: 120
– Epo láti Abùjá dé pápákọ̀ àfirọ́pò: 1,300
– Epo ìpamọ́ ìkẹyìn, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: 1,200
– Epo ìrìn orí ilẹ̀ ṣáájú ìgbéra: 200
– Àpapọ̀: 5,220 kìlógíráàmù

Ìwọ̀n tí a fi ń kà á ṣe kókó, nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà kan lè lo kìlógíráàmù kí òmíràn sì lo pọ́ùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1983, epo ọkọ̀ Boeing 767 ti Air Canada tó ń lọ sí Edmonton tán lójú òfuurufú, nítorí pé ìwọ̀n pọ́ùn ni a fi ṣírò epo tó yẹ kí a fi kìlógíráàmù ṣírò. Epo tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó yẹ. Àwọn awakọ̀ náà rọra gbé e balẹ̀ láìsí agbára ẹ́ńjìnnì ní ibùdó ológun òfuurufú àtijọ́ kan ní Gimli, Kánádà, kò sì sí ẹni tó kú.

Ojú ọjọ́ àti pápákọ̀ àfirọ́pò

Pápákọ̀ àfirọ́pò ni ibi tí ọkọ̀ yóò yà sí bí kò bá lè balẹ̀ níbi tó ń lọ. Fún Abùjá, Kàdúná súnmọ́ tòsí, ní nǹkan bíi 190 kìlómítà sí àríwá. Kánò jìnnà jù ú lọ, ó sì ń béèrè epo púpọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, a ti pápákọ̀ Abùjá pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ṣe, Kàdúná ni a sì darí àwọn ọkọ̀ sí.

Ìsúnmọ́ra nìkan kò tó. Ní àsìkò ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, eruku láti Sàhárà lè bo Abùjá, Kàdúná àti Kánò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé pápákọ̀ kan ní gúúsù, tàbí Èkó tí ọkọ̀ ti gbéra gan-an, ni àfirọ́pò tó dára jù. Ní àsìkò òjò, ìjì àrá ọ̀sán ni a ń ṣọ́, a sì ń gbé epo tí yóò tó láti yí i ká tàbí láti dúró dè é.

Ààlà rẹ̀

Ètò yìí ń kọ́ awakọ̀ orí kọ̀ǹpútà ní ìṣirò, kíka ojú ọjọ́ àti sùúrù láti sọ pé òun kò ní gbéra. Síbẹ̀, kò sọ ẹnikẹ́ni di awakọ̀ gidi, nítorí pé ìwé àṣẹ nílò ẹ̀kọ́, wákàtí ìwakọ̀ àti àyẹ̀wò ìlera. Àwòrán-ilẹ̀ àti àkójọ ọ̀nà tí a ṣe fún ètò àfarawé kò sì yẹ ní lílò nínú ọkọ̀ tó gbé ènìyàn.