Kì í Ṣe Ìpadàbọ̀ Nìkan: Ohun Tó Ń Dín Owó Ìrìnàjò Òfuurufú Kù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti lè padà wálẹ̀ láìfọ́, owó ìrìnàjò òfuurufú á já wálẹ̀ ni dandan. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń gbà lẹ́yìn tó bá balẹ̀, àti iye ìgbà tó ń gbéra lọ́dún, ló ń pinnu owó náà.

Space Shuttle ti NASA, tó kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1981, ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Àwọn tó pète rẹ̀ ń retí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrìnàjò lọ́dún. Ní 1985, ọdún tó ṣiṣẹ́ jù lọ, mẹ́sàn-án péré ló lọ. Ọkọ̀ náà ń padà lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ara rẹ̀. Táìlì tó lé ní 20,000 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kí ooru má baà jó o nígbà tó bá ń wọ inú afẹ́fẹ́ ayé padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà àti ìrísí tirẹ̀, nítorí náà, èyí tó bá bàjẹ́, àfi kí wọ́n gé òmíràn tó bá ojú ibẹ̀ mu. Wọ́n tún ń wọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jáde látinú omi òkun, àgbá epo ńlá rẹ̀ sì ń ṣègbé nígbà gbogbo. Bí a bá pín gbogbo owó tí wọ́n ná lé e sí ìrìnàjò 135 tó lọ títí di 2011, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Ti ẹ̀mí 14 tó bá jàǹbá rẹ̀ lọ ní 1986 àti 2003, kò sẹ́ni tó lè ṣírò rẹ̀.

Falcon 9 ti ilé-iṣẹ́ SpaceX gba ọ̀nà mìíràn. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án, tó sì wọ́n jù, ló ń padà wá balẹ̀. Ó ń yà kúrò lára apá òkè kí eré tó pọ̀ jù, ó ń fi epo tó ṣẹ́kù dá ara rẹ̀ dúró, nítorí náà kò nílò táìlì kankan. Ó kọ́kọ́ balẹ̀ ní Cape Canaveral ní oṣù Kejìlá 2015. Ní oṣù Kẹta 2017 wọ́n tún ọ̀kan lò. Ní 2024, àwọn Falcon gbéra ju 130 ìgbà lọ.

Síbẹ̀, iye tí wọ́n ń pe Falcon 9 fún oníbàárà kò wálẹ̀: láti mílíọ̀nù 62 dọ́là, ó ti sún mọ́ 70 ní 2024. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú èrè àtúnlò, nítorí kò tíì ní alábàádíje gidi.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kan àwa náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2017, sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1 ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ bá Falcon 9 gòkè, pẹ̀lú ti Gánà. Kápúsù Dragon tó wà lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, tó gbé wọn, ti lọ sókè rí ní 2014. Òun ni Dragon àkọ́kọ́ tí wọ́n tún lò. Àmọ́ ohun tó mú kí apá Àkúrẹ́ ká a ni pé sátẹ́láìtì náà kéré, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níbùú àti lóròó, àti pé orílẹ̀-èdè márùn-ún ló jọ ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú yunifásítì kan ní Jàpáánù. Kí àwọn yunifásítì wa má ṣe dúró de ìgbà tí owó rọ́kẹ́ẹ̀tì á wálẹ̀. Kí wọ́n kọ́ èyí tó kéré, kí wọ́n sì para pọ̀ sanwó ọkọ̀ rẹ̀.