Oliver Wendell Holmes: Láti Ojú Ogun dé Orí Àga Ìdájọ́

Oliver Wendell Holmes Kékeré (1841–1935) jẹ́ ọmọ ogun, agbẹjọ́rò, olùṣàlàyé òfin àti adájọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí èrò rẹ̀ nípa òfin kò lè yé ènìyàn dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ogun. Ìlú Boston ni wọ́n bí i sí. Ní 1861, ọdún tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard, ni Ogun Abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín àríwá àti gúúsù Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú, ó sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan láti Massachusetts. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọta bà á: ní àyà ní Ball's Bluff lọ́dún náà gan-an, ní ọrùn ní Antietam ní 1862, àti ní gìgísẹ̀ nítòsí Fredericksburg ní 1863. Ìtara ọ̀dọ́ tí ó kórìíra kíkó ènìyàn lẹ́rú ni ó gbé e wọ ogun, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde ní 1864, ó ti ń fura sí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà pé ọ̀dọ̀ òun nìkan ni òtítọ́ wà.

Ìfura yìí ni ó bá a wọ ẹ̀kọ́ òfin. Ó tún ìwé àlàyé òfin tí James Kent kọ ṣe ní 1873, nígbà tí ó sì di 1881, ó tẹ *The Common Law* jáde, ìwé tí ó dá lórí irú òfin tí ó ti inú ìdájọ́ àwọn adájọ́ ayé àtijọ́ hù jáde, tí kì í ṣe ilé aṣòfin ni ó ṣe é. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìrírí àwùjọ ni ó ń sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ di ohun tí ó dà, ju èrò orí lásán lọ.

Ó di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ní 1902. Ní oṣù Kẹta 1919, òun ni ó kọ ìdájọ́ tí ó fi ìdí ẹ̀bi Schenck múlẹ̀, ọkùnrin tí ó pín ìwé láti tako fífi dandan múni wọ iṣẹ́ ogun. Síbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nínú ẹjọ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Abrams, ó kọ ìdájọ́ àtakò, ìyẹn èrò adájọ́ tí kò bá àwọn tó pọ̀ jù fohùn ṣọ̀kan, ó sì gbèjà òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ.

Ibi tí àwọn tó ń yìn ín máa ń yára kọjá ni ẹjọ́ Buck àti Bell ní 1927, nínú èyí tí ó fọwọ́ sí i pé kí ìjọba Virginia ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan kí ó má baà lè bímọ mọ́. Ojú ogun náà ni ó ti fa àwíjàre rẹ̀ yọ: bí ìlú bá lè ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dára jù lọ fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀, kò rí ìdí tí kò fi lè béèrè ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni 90 ọdún ni nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 1932. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, aṣọ ogun méjì ni wọ́n bá nínú ibi ìkóṣọsí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun ni àbàwọ́n tó wà lára wọn.