Òṣìṣẹ́ Alẹ́ Kò Jẹ̀bi: Ibi Tí Sẹ́ǹtì 1955 Ti Di Méjì

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Fídíò kan dé sórí WhatsApp mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé l'Amẹ́ríkà ló na sẹ́ǹtì kan sí kámẹ́rà, ó ní kí ẹni tó bá ní owó ẹyọ Amẹ́ríkà nílé lọ tú u wò dáadáa, nítorí pé èyí tó bá jẹ́ ti ọdún 1955, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ sì hàn ní méjì-méjì, iye rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ohun tó fi tì í lẹ́yìn ló bí mi nínú: ó ní òṣìṣẹ́ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ló sùn lọ, ni ẹ̀rọ bá tẹ owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn yìí dàgbà ju ẹni tó ń sọ ọ́ lọ. Àwọn òyìnbó tó ń ṣa owó ẹyọ jọ ló bí i, àwọn oníṣòwò owó àtijọ́ ló tọ́ ọ dàgbà, àwa náà wá gbà á tọ́, a ò sì bi í léèrè ohun kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ yára gbà fún ìtàn náà níbi tó yẹ kí n ti gbà fún un. Ilé ìtẹ̀wó ti Philadelphia ni wọ́n ti ṣe owó náà lóòótọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n rí àléébù náà kí àwọn owó ọ̀hún tó jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye owó tó dára, àwọn ọ̀gá sì rò ó pé kàkà kí àwọn yọ́ gbogbo rẹ̀, kó kúkú máa lọ. Iye tí wọ́n máa ń dá ni 20,000 sí 24,000. Ìpínlẹ̀ New York àti Massachusetts ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ fojú hàn, inú páálí sìgá sì ni àwọn kan ti bá a pàdé: sẹ́ǹtì 23 ni sìgá lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń tà á, sẹ́ǹtì 25 ni èèyàn máa ń jù sínú ẹ̀rọ, nítorí náà wọ́n a ti fi ṣéńjì sẹ́ǹtì méjì há abẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé páálí náà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí sìgá. Ìtàn bí owó náà ṣe dé ọwọ́ aráyé nìyẹn. Ìtàn bí wọ́n ṣe bí i ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yìn owó náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò, nítorí ojú rẹ̀ nìkan ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Lójú, orí Lincoln ló wà níbẹ̀. IN GOD WE TRUST wà lókè orí rẹ̀, LIBERTY wà lẹ́yìn rẹ̀, ọdún 1955 wà níwájú àyà rẹ̀. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí àti nọ́ńbà ọdún pín sí méjì débi pé ẹni tí kò ní awò pàápàá á rí i. Ẹ wá yí i padà. Ṣírí àlìkámà méjì, pẹ̀lú ONE CENT láàárín wọn: gbogbo rẹ̀ ń dán, kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tó ní ìkejì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wó kì í tẹ ojú kan kó tó dojú èkejì bolẹ̀. Dáì méjì ló ń ṣiṣẹ́ náà, ìyẹn irin líle tí àwòrán owó wà nínú rẹ̀ ní kòtò: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n á há irin pẹlẹbẹ náà sáàárín, ojú àti ẹ̀yìn á sì gba àwòrán papọ̀. Bí owó bá yẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ sì tún tẹ̀ ẹ́, ìyà tó bá jẹ ojú á jẹ ẹ̀yìn. Kí ẹni tó bá ń sọ ìtàn oorun wá ṣàlàyé fún mi bí òṣìṣẹ́ yìí ṣe sùn lójú owó, tó sì la ojú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Owó tí ẹ̀rọ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì wà láyé, mi ò sọ pé kò sí. Téèyàn bá rí i, kò ní ṣì í mọ̀. Títẹ̀ kejì á ti pa àwòrán ti àkọ́kọ́ rẹ́ tàbí kó pẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, etí owó lè fẹ̀ jáde, orí lè wà lórí orí. Kò sì sí méjì nínú wọn tó jọra, nítorí pé bí ọ̀kan ṣe yẹ̀ kọ́ ni òmíràn ṣe máa yẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ǹtì 1955 ni à ń sọ níbí, gbogbo wọn ló yẹ̀ síbi kan náà, ní ìwọ̀n kan náà. Kódà, ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú ni àwọn ìlà tín-ín-rín kan tó wà lẹ́yìn owó náà, lápá òsì ẹsẹ̀ lẹ́tà T nínú CENT, lábẹ́ apá rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń dán dáì ẹ̀yìn ni ìlà náà wọ̀ ọ́, gbogbo owó tí dáì yẹn bí ló sì jogún rẹ̀. Bí akọ̀wé bá lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìwé kan péré ló bàjẹ́. Bí agbẹ́gilére bá gbẹ́ lẹ́tà méjì-méjì sára òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ìwé tó bá jáde ní ọ́fíìsì náà ló máa ní in, akọ̀wé ì báà sùn, ì báà má sùn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe dáì ni ọ̀ràn wà. Wọn kì í gbẹ́ dáì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Họ́ọ̀bù ni wọ́n fi ń ṣe é, irin mìíràn tí àwòrán yọ sókè lára rẹ̀ bó ṣe yọ lára owó. Wọ́n á fi agbára ńlá tẹ họ́ọ̀bù mọ́ irin dáì kí àwòrán lè wọlé. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ló mọ̀ pé irin tí a bá tẹ̀ ní tútù a máa le sí i. Nítorí náà, ní ayé ìgbà yẹn, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Wọ́n á yọ dáì náà, wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á dá a padà sábẹ́ họ́ọ̀bù, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá wá jókòó sí ojú ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, àwòrán kejì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Owó kan kò tíì wà nígbà yẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wó gan-an lè wà ní dídákẹ́.

Sẹ́ǹtì 1955 fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i, béèyàn bá ní sùúrù láti wo iwájú orí Lincoln. Lẹ́tà tó wà ní etí owó yà gbàgà, ṣùgbọ́n ojú, imú àti irùngbọ̀n ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà rárá. Ohun tó bá yí díẹ̀ láti àárín nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ibi tó súnmọ́ àárín kì í kúrò lójú kan, etí ló ń rìn jìnnà. Dáì náà ti yí díẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a padà lẹ́yìn iná.

Bí èyí kò bá tíì tó, mo ní ẹlẹ́rìí kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn asọ̀tàn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1969, ilé ìtẹ̀wó ti San Francisco tẹ sẹ́ǹtì mìíràn tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ yà ní méjì kedere. Owó náà ṣọ̀wọ́n gan-an. Nítorí pé àwọn oníjìbìtì kan ti ń ṣe ayédèrú sẹ́ǹtì 1969 tó yà ní méjì nígbà náà, àwọn agbófinró Secret Service gba díẹ̀ nínú ojúlówó lọ́wọ́ àwọn tó rí i, wọ́n pè é ní jìbìtì, ó di ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn kí wọ́n tó gbà pé ilé ìtẹ̀wó ìjọba ló ṣe é. Ẹ̀tàn lásán ni ariwo yẹn ní tèmi. Ohun tó ṣe pàtàkì kò ju lẹ́tà kan lọ, S kékeré tó wà lábẹ́ ọdún, tó ń sọ pé San Francisco ni owó ti wá. Ọdún 1969 tó wà lókè rẹ̀ yà ní méjì. S kò yà.

Ẹ rò ó wò. Owó kan náà ni, ojú kan náà ni, àyè tó wà láàárín wọn kò tó ìbú èékánná. Bí ẹ̀rọ bá tẹ owó náà lẹ́ẹ̀mejì, agbára wo ló dá S sí? Kò sí ìdáhùn mìíràn ju pé S kò sí níbẹ̀ nígbà tí àléébù ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, Philadelphia ni wọ́n ti ń ṣe dáì fún gbogbo ilé ìtẹ̀wó Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí họ́ọ̀bù bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lára dáì ni òṣìṣẹ́ kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ mú irin kékeré tó ní lẹ́tà lórí, á fi òòlù lù ú wọlé, S fún San Francisco, D fún Denver, wọ́n á wá fi ránṣẹ́. Dáì náà ti bàjẹ́ ní Philadelphia kó tó di ti San Francisco. Àwọn òṣìṣẹ́ San Francisco, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n lo irin tí wọ́n fún wọn.

Àwọn lẹ́tà kékeré báyìí kì í ṣe àjèjì sí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fojú sí i. Kọ́bọ̀ àti ẹ́pìnnì oníhò tí àwọn bàbá wa ná nígbà ìjọba amúnisìn ní H tàbí KN lára nígbà mìíràn: ilé Heaton àti King's Norton ni ní Birmingham. Ẹni tó bá ní ti ọdún 1936 tó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tí kò pé ọdún kan lórí ìtẹ́, kó fi í pamọ́, kì í ṣe nítorí pé yóò sọ ọ́ di olówó, àmọ́ nítorí pé àwọn ará London fúnra wọn kò ná owó tó ní ojú ọba yẹn. Tiwa kò nílò ojú ọba, ihò ló wà níbẹ̀. Mo ti yà díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà.

Ibi tí mi ò ti lè ní sùúrù ni ti àwọn tó ń tà á. Wọ́n kó ohun mẹ́ta tí kò bára tan sínú agbọ̀n kan. Ọ̀kan ni dáì tó yà ní méjì. Èkejì ni owó tí dáì tó mì tàbí tó yẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ fi ara nù nígbà tó ń kúrò lórí rẹ̀. Ìyẹn a máa fi etí pẹlẹbẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, lẹ́tà fúnra rẹ̀ á sì tín-ín-rín sí i, nígbà tí ti dáì máa ń yí róbótó, tí igun lẹ́tà á là díẹ̀ níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ̀kẹta ni dáì tó ti gbó. Sẹ́ǹtì 1955 kan wà tí 5 ìkẹyìn rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ní òjìji nítorí pé dáì ti rẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ń pè é ní ti tálákà, wọ́n sì ti tà á fún ọ̀pọ̀ tálákà lóòótọ́. Ìtàn “ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì” ló ń pa àwọn oníṣòwò wọ̀nyí lára dà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àfọwọ́fà ẹ̀rọ, òjìji wo ni kò ní tó owó?

Síbẹ̀, n kò ní ṣe bí ẹni pé àlàyé tí mo gbé kalẹ̀ ti parí iṣẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣe dáì ní Amẹ́ríkà. Kò sí pé a yọ ọ́, kò sí pé a dá a padà. Ó yẹ kí dáì tó yà ní méjì ti di ohun àná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2009, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí 200 ọdún tí wọ́n bí Lincoln, sẹ́ǹtì kan jáde tó fi í hàn níbi tó jókòó lórí ìtì igi, tó ń kàwé. Lára àwọn kan nínú rẹ̀, ìka ọwọ́ Lincoln lé. Ìka ọ̀hún súnmọ́ àárín owó, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rí láti ìgbà náà: àárín ló ń yà, etí ló dúró, òdìkejì ti 1955 gẹ́lẹ́. Ojú irin dáì kì í tẹ́jú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ga díẹ̀ láàárín, ṣóńṣó yẹn ni họ́ọ̀bù kọ́kọ́ ń bá pàdé. Bí irin náà bá jókòó ní ẹ̀gbẹ́, ó lè gba àmì àkọ́kọ́ ní wíwọ́, kí agbára tó tì í sójú àyè rẹ̀, kó tún gba èkejì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ti àtijọ́ tí a ti kọ sí abẹ́ ìtẹ̀ méjì jẹ́ ọmọ ìtẹ̀ kan.

Ti 1958 tún wà níbẹ̀. Ó yà ní ojú bíi ti 1955, mẹ́ta péré ni ayé mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì tà ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní 2023. Dáì kan lè tẹ ọ̀kẹ́ àìmọye owó kó tó kú. Ta ló dá ti 1958 dúró lẹ́yìn ìwọ̀nba díẹ̀, kí ló dé tí mẹ́ta fi yọ jáde, kí ló sì dé tí ẹnì kankan kò fi dá ti 1955 dúró kíákíá bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ń wá ìdáhùn sábà máa ń tẹjú mọ́ owó tó yà. Èmi á dámọ̀ràn kí wọ́n wá owó tí kò yà. Dáì ojú àti dáì ẹ̀yìn kì í sábà gbó lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n lè pààrọ̀ ọ̀kan kí èkejì sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ǹtì 1955 kan wà níbì kan tí ojú rẹ̀ dán tó sì pé, tó ní àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ T ní ẹ̀yìn. Bí ìlà rẹ̀ bá jìn ju ti àwọn tó yà, a jẹ́ pé wọ́n tẹ òun ṣáájú. Bí ó bá ti fẹ́ parẹ́, lẹ́yìn wọn ló dé, a jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ dáì ojú tó bàjẹ́ kúrò, ó sì fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.