Ta Ló Yẹ Kí Á Gbọ́ Tirẹ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Ajé? Ẹ̀kọ́ Láti Ara David Ricardo

Bí ọrọ̀ ajé bá ti dojú rú, olùsọ̀rọ̀ kì í wọ́n. Ọmọ olówó yóò sọ tirẹ̀, ọmọ olóyè yóò sọ tirẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ṣe mínísítà rí yóò jókòó sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, yóò máa ṣàlàyé ìdí tí gàrí fi gbówó lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé tí olùsọ̀rọ̀ ti jáde ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ohun tó ń sọ. Àṣà yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìlú London rí irú rẹ̀, ó sì ná wọn ní ohun púpọ̀.

Ọdún 1772 ni a bí David Ricardo ní London, sínú ìdílé Júù tó ṣí wá láti Amsterdam. Alágbàtà ìpín ìdókòwò ni Abraham bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni David nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wọ iṣẹ́ náà. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Ní ọdún 1793, ó fẹ́ Priscilla Wilkinson, ọmọ ìjọ Quaker. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn òbí rẹ̀ nínú, wọ́n sì kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ọmọ ọdún 21 ni, kò sì ní ilé bàbá tí yóò fi ẹ̀yìn tì mọ́. Àwọn tó ti mọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló ràn án lọ́wọ́ títí tó fi dá dúró, tó sì di ọlọ́rọ̀. Kò ní jẹ́ òtítọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọwọ́ òfìfo ló fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ bàbá ló ti kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló jogún, kò jogún oyè. Ní ọdún 1799, ìwé Adam Smith bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ìlú Bath. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ohun tó ń rí lọ́jà wé ohun tó ń kà nínú ìwé.

Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kejì ọdún 1797, ogun pẹ̀lú Faransé ti mú kí ìjọba pàṣẹ pé kí Báńkì England dáwọ́ fífi wúrà pààrọ̀ owó bébà dúró. Nígbà tó fi di ọdún 1809, wúrà ìwọ̀n áúnsì kan, tí iye rẹ̀ lábẹ́ òfin kò pé pọ́n-ùn 4, ti di nǹkan bíi pọ́n-ùn 4 àti ṣílè 10 lọ́jà. Ìbéèrè wá délẹ̀: ṣé wúrà ló gbówó lórí ni, àbí owó bébà ló ti rẹlẹ̀?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Morning Chronicle láìsí orúkọ òǹkọ̀wé níbẹ̀. Ricardo ló kọ ọ́. Nítorí pé kò sí orúkọ, kò sí ẹni tó lè bi í pé ọmọ ta ni. Àlàyé rẹ̀ nìkan ni òǹkàwé lè gbé yẹ̀ wò. Ohun tó sọ kò ṣòro. Bí tòmátò bá kún ọjà Mile 12, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀. Bákan náà ni owó bébà: bí báńkì bá tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀, ohun tí a ń fi rà yóò sì dà bí ẹni pé ó wọ́n sí i.

Àwọn olùdarí Báńkì England kò gbà. Oníṣòwò ńlá ni wọ́n, láti inú àwọn ilé òwò tó lórúkọ ní London. Èsì wọn ni pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ti ń yá àwọn oníṣòwò gidi lówó lórí ọjà gidi, owó bébà kò lè pọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin gbé kalẹ̀, tí Francis Horner jẹ́ alága rẹ̀, tẹ́tí sí wọn, ó sì dá wọn lẹ́bi ní ọdún 1810. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1811, ilé aṣòfin da àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà nù, wọ́n sì kéde pé lójú aráàlú, owó bébà ṣì bá wúrà dọ́gba. Aráàlú tó ń ná an mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún 1819 kí òfin tó dá wúrà padà sẹ́yìn owó, ó sì di ọdún 1821 kí ó tó ṣẹ tán.

Ìjà kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1815, ilé aṣòfin ṣe òfin pé àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ wọ ọjà àfi bí ti abẹ́lé bá tó di ṣílè 80 fún òṣùwọ̀n kan. Onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin náà, ilẹ̀ àjogúnbá ni ilẹ̀ ọ̀hún, ìlérí wọn sì ni pé ire orílẹ̀-èdè ni àwọn ń wá. Ricardo kọ ìwé pélébé kan láti tako wọn. Ó ní bí oúnjẹ bá wọ́n, àwọn àgbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ro ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, owó ilẹ̀ tó lọ́ràá yóò sì máa ga. Ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀ ni onílẹ̀, tí kò kọ ebè kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ ohun tó ń wí. Òṣìṣẹ́ tó ń ra búrẹ́dì ló ń sanwó náà.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Ricardo fúnra rẹ̀ ti di onílẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1814 ló ra ilẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Gatcombe Park. Bí òfin náà bá dúró, àpò rẹ̀ ni yóò wú. Síbẹ̀ kò yí ohùn padà. Àmọ́ kò mọ́ lọ́wọ́ tán. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé aṣòfin ní ọdún 1819, owó ló fi ra àyè Portarlington ní ilẹ̀ Ireland, níbi tí àwọn olùdìbò kò ti tó nǹkan. Ìmọ̀ rẹ̀ kò tó láti ṣílẹ̀kùn. Owó ló ṣí i. Àìmọye ẹni tó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò lówó ni yóò ti dúró síta.

Kí á má sì ṣe rò pé gbogbo ẹni tó bá Ricardo jiyàn ni aláìmọ̀kan. Thomas Malthus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé gíga, ti òfin ọkà náà lẹ́yìn. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi kọ lẹ́tà sí ara wọn, wọn kò fohùn ṣọ̀kan, wọn kò sì di ọ̀tá. Àríyànjiyàn láàárín ẹni méjì tó ti ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn lórí ọ̀ràn kan yàtọ̀ sí ìjókòó ẹni tí ipò nìkan gbé wá.

Ẹ̀rí tó ga jù wà nínú ìwé ńlá rẹ̀. Nígbà tí ìtẹ̀jáde kẹta jáde ní ọdún 1821, ó fi orí tuntun kan kún un lórí ẹ̀rọ. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣe gbogbo ènìyàn láǹfààní. Nínú orí yìí, ó jẹ́wọ́ pé òun ti ṣàṣìṣe, pé ẹ̀rọ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ó sì pa á lára. Inú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan kò dùn sí i. Ó kú ní ọdún 1823, ó sì ku ọdún 23 kí wọ́n tó fagi lé òfin ọkà tó tako.

Ìbéèrè ọdún 1809 ti dé Nàìjíríà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i pé kí owó tí Báńkì Àpapọ̀ ti yá ìjọba, tírílíọ̀nù 22.7 náírà, di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Gbogbo ẹni tó ń ra ìrẹsì ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ọ̀pọ̀ ló sì ti dá sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀; a kì í dá ọmọ olórúkọ lẹ́kun ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí olùgbọ́ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ó yẹ kó béèrè nǹkan mẹ́ta: iṣẹ́ wo ló ti ṣe lórí ọ̀ràn yìí, àpò ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò bu owó kún, ìgbà wo ló sì jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ kẹ́yìn? Orúkọ bàbá kò lè dáhùn ọ̀kankan nínú wọn.